Bí "Kò Sí" Ṣe Wọ Yàrá Aṣọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó jí. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì tuntun pe gbogbo àwa olórí ẹ̀ka ilé ìwòsàn jọ láàárọ̀ yìí: olórí ilé ìdáná, olórí àwọn agbálẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú oògùn, àti èmi olórí yàrá aṣọ, níbi tí à ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn tí a sì ń lọ̀ ọ́. Obìnrin náà kò gbọ́ èdè wa rárá. Akọ̀wé tó dúró tì í ló ń túmọ̀ fún wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kálukú olórí ẹ̀ka yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ jíṣẹ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì láràárọ̀: kí ló wà, kí ni kò sí, kí ló bàjẹ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, wọn ò ní lé e lọ. Wọn yóò kàn fi ọ̀dọ́ kan ṣe olórí rẹ̀ tí yóò máa jíṣẹ́ dípò rẹ̀.

Mo mọ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wí. Ọmọ ọ́fíìsì yẹn ni, èyí tí kì í yé jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ ìnura lọ́wọ́ mi, abẹ́ abíyá ló fi í sí bí ẹni gbé ìwé ìròyìn.

Ọmọ mi obìnrin ṣì wà nílé ìwé nígbà tí mo dé yàrá aṣọ yìí. Ọmọ tirẹ̀ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, tí mo ń pè ní Nọ́ọ̀sì mi, ti wá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè báyìí nínú ilé ìwòsàn kan náà. Gbogbo ẹni tó bá wá gba aṣọ ni mo ń fi í hàn bó bá ti ń kọjá: "Ẹ wò ó, èyí tó ga yẹn, tèmi ni." Mo fẹ́ kí òun náà lè máa nawọ́ sí mi. Mi ò fẹ́ kó wá máa rí mi lẹ́yìn ọmọ tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ ohun tí à ń ṣe bó bá jẹ́ orí àgbà gan-an ló fẹ́ wọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kíláàsì àgbà tí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iṣẹ́. Orí àga àwọn ọmọdé la ṣì ń jókòó sí. Káfíńtà tó máa ń jókòó tì mí ní ẹni tó kan àga yìí kò ro ti ìdí àgbà rárá, pé bí wọ́n bá fún òun ní pákó, òun á kan èyí tó gba ìdí Ìyá Aláṣọ. Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì pọ̀ kó dúró.

Tíṣà wa kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó dáa, ibi tó le jù fún àwa àgbà la ó ti bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan kò sí. Ó kọ "no" àti "none" sójú pátákó.

Ohun tí mo rí nípa wọn rèé. "No" kò lè dá rìn. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò fà lọ́wọ́: no soap, no water. "None" ni àgbà inú wọn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọṣẹ ṣáájú, kò sí ìdí fún ọṣẹ láti tún bá a wọlé. Á dá jókòó, ọ̀rọ̀ á sì parí. Káfíńtà ní ìyàwó òun gan-an nìyẹn. "Nobody" wà fún èèyàn, "nothing" wà fún nǹkan. Bó bá jẹ́ méjì péré, "neither" ni. Mo bi Tíṣà léèrè ìdí tí méjì fi ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní, "Mọ́mà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn." Ó dáa. Bóyá àwọn náà ń bọlá fún ìbejì ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọṣẹ tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń kó o wá ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Kò tíì jẹ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Tíṣà ní kí oníkálukú dìde ka gbólóhùn kan. Èyí tó kàn mí ni "I have no children."

Mo dìde. Mo wo pátákó. Mo jókòó padà.

"Mọ́mà, ṣé ẹ ò lè kà á ni?"

"Mo lè kà á."

"Ẹ wá kà á sí wa létí."

"Kò ní ti ẹnu mi jáde."

"Gbólóhùn lásán ni, Mọ́mà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ẹnu ta ni yóò gbà jáde?"

Tíṣà yíjú sí Káfíńtà. Tirẹ̀ ni "I have no wife." Ó kà á ketekete, ó sì fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" tì í lẹ́yìn láìmí rárá. Tíṣà ní kó yọ ti ẹ̀yìn yẹn kúrò. Ó ní bóun bá yọ ọ́, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fóun lálẹ́. Aránṣọ tó jókòó lẹ́yìn wa ni wọ́n fún ní "I have no house." Ìyẹn gbọ́n jù wá lọ. Ó ní "He has no house," ó sì nàka sí Káfíńtà.

"Ẹ gbé e kúrò lórí mi," ni Káfíńtà wí. "Ẹ lọ gbé e síbòmíràn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ẹfun sílẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà mi, bẹ́ ẹ bá dé iwájú ẹni tó fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu yín ńkọ́? Ṣé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa fi àdúrà bò mọ́lẹ̀?"

"Bí àyè bá wà," ni Káfíńtà wí.

Mo ń rò ó bí mo ṣe ń bọ̀ wálé. Ìyá mi kì í wo inú ìkòkò kó ní "kò sí." Á ní "ó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe nínú yàrá aṣọ. Bí nọ́ọ̀sì bá wá gba aṣọ ibùsùn nígbà tí pẹpẹ ṣófo, "ó ń bọ̀" ni mo máa ń wí. Àwọn tó mọ̀ mí, ojú mi ni wọ́n ń wò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá wò wọ́n tààrà, kí wọ́n dúró. Bí mo bá wolẹ̀, kí wọ́n lọ wá ọgbọ́n mìíràn dá. Kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí rẹ̀ rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Nọ́ọ̀sì mi wá sùn sílé. Ó ti rù. Ó ní òun kò rù, mo ní ojú mi kò fọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní òun ni Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, kí n jíṣẹ́ fóun. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, ó sì fa ojú le bíi ti obìnrin yẹn gẹ́lẹ́.

Mo ní, "I don't have no pillow."

Ó ní, "Mọ́mà Àgbà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti fi 'no' sí i, ẹ má tún fi 'don't' síbẹ̀. I have no pillow. Ó tó."

Ẹnu wa kò mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Tiwa, kíkọ̀ kan a máa pe èkejì: n kò rí ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohunkóhun tí mo sọ. Bí èèyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn tó tún fi igi tì í lẹ́yìn. Tiwọn, ilẹ̀kùn kan péré. Mo tún un wí títí ahọ́n mi fi gbà. Irọ̀rí tí mò ń sọ pé n kò ní yìí, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé, nítorí náà kò dà mí láàmú.

Ó ní n ó ṣe é. Mo ní mo mọ̀. Mo fẹ́ kó tún un wí ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ti kú. Ó sunkún bí ọmọ tó fẹ́ hu eyín, ó sì dákẹ́. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú ìdí rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní irin kékeré kan ló ṣẹ́ nínú rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ máa rí òmíràn?"

"Ó ń bọ̀, Mọ́mà."

Mo wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ogúnjọ́

Òjò. Okùn tí a ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gba ju ìdajì aṣọ lọ, èyí tó sì gbà kò gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

N kò fẹ́ kọ ti òní, ṣùgbọ́n kí ni ìwé wà fún.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì tuntun kan wá láti wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ó ní òun fẹ́ aṣọ ibùsùn méjì. Pẹpẹ ṣófo. Mo ní, "Ó ń bọ̀," mo sì wolẹ̀. Àjèjì ni. Kò mọ ìwolẹ̀ mi. Ó padà lọ sókè, ó ní aṣọ ń bọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Wọ́n ká aṣọ tó ti rin kúrò lábẹ́ ìyá arúgbó kan, wọ́n sì dá a padà sórí rọ́bà lásán kó dúró de tuntun. Orí rọ́bà yẹn ló wà títí oòrùn fi yí, ní òtútù òjò yìí.

Nọ́ọ̀sì mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló sọ̀ kalẹ̀ wá nígbẹ̀yìn. Kò jókòó.

"Mọ́mà Àgbà, ṣé ó ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Bí òjò bá dá."

"Wọ́n ní ẹ ní ó ń bọ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí ẹ bá ti ní kò sí, ǹ bá ti bọ́ aṣọ ìbora tèmi fún un láti àárọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá bi mí, ó ń bọ̀ lèmi náà ń sọ fún un. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò gbé ohùn sókè. Ì bá dùn mọ́ mi bó bá gbé e sókè. Ó ní ó dàárọ̀, ó sì kúnlẹ̀ kó tó lọ bí a ṣe kọ́ ọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ọ̀rọ̀ lọ.

Mo ti ń yí i wò láti ìgbà náà. "Ó ń bọ̀" kì í ṣe irọ́. Ìrètí ni. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó yẹn kò rí ìrètí fi bora. Ohun tí mo ń pè ní ẹnu rere, àwa tó ní ojú kan náà ló wúlò fún. Bí ó bá ti gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ẹlòmíràn, ojú mi kì í bá a gòkè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Káfíńtà mú ìròyìn wá sí kíláàsì. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn wa, Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ìpá tó ti ń bá a fà á láti ọdún tó kọjá ni, kò lè gbé pákó mọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjọ́rú nìkan ni dókítà tó ń ṣe é máa ń wá.

Aránṣọ ní kí wọ́n rán an dáadáa, kí wọ́n má gbàgbé abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Káfíńtà ní bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, òun mọ ẹni tí òun ó tà á fún. Ó wá yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá Aláṣọ, ẹ bá mi wá aṣọ tó mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ni yóò lọ̀ ọ́."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù keje

Mo jíṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo sọ iye aṣọ ibùsùn tó wà, mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́, mo ní òjò ń rọ̀. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rọrùn, nítorí pé ó wà.

Ó wá bi olórí ilé ìdáná bóyá gáàsì wà. Ìyẹn fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé ó ń bọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, oúnjẹ tútù làwọn aláìsàn jẹ. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Kò bínú. Ó kàn ní òun ì bá ti wá gáàsì láti àárọ̀, ká ní òun mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ oníṣingọ́ọ̀mù ti jókòó sí ìdí tábìlì olórí ilé ìdáná, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì dúró tì í bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yẹn ju tèmi lọ ní ìlọ́po. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ wà lórí okùn láti àná, omi ń kán nídìí wọn. Èmi àti àwọn méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká fi áyọ́ọ̀nù gbẹ wọ́n. A lọ mẹ́ta, èéfín ń yọ, àárín rẹ̀ ṣì tutù. Iná bá lọ. A dúró dè é títí di àkókò ìpadàsílé, kò dé.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mà, ká kó o fún wọn bẹ́ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní aṣọ tí kò gbẹ kì í bá ikùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Ó ní, "Kí lẹ máa wá sọ lọ́la?"

Bí mo bá ní ó ń bọ̀, wọn yóò gbé Káfíńtà wọlé. Bí mo bá ní kò sí, èmi ni mo máa fi ẹnu ara mi dá a padà, èmi tí mo ní kó fọkàn balẹ̀. Wọn á sì ní irú olórí yàrá aṣọ wo ni kò ní aṣọ. Ní gbogbo ọdún mi níbẹ̀, n kò tíì dúró láàárín àwùjọ kí n ní yàrá mi ṣófo. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ojú kò tì mí láti ké. Èyí ló ń tì mí lójú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Òjò kò dá.

Ó kàn mí lẹ́yìn olórí àwọn agbálẹ̀. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní kí n sọ ti aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹnu mi ti ká "ó ń bọ̀" sílẹ̀, ó wà lẹ́bàá eyín mi níbẹ̀. Mo gbé e mì.

Mo ní, "None."

Ó gbójú sókè. Ó ní ṣé kò sí ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ tiwa ni, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo máa fi dáhùn. Mo rántí tiwọn. Mo ní, "No. Nothing is dry. No green cloth today."

Mo wò ó lójú tààrà. N kò fi àdúrà kankan tì í. Àwọn yòókù ń wo bàtà wọn bí ẹni pé mo bú èèyàn. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fi kálàmù sílẹ̀, ó gbé fóònù. Ó pe yàrá iṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n má gbé ẹnikẹ́ni wọlé. Ó pe ilé ìwòsàn mìíràn pé kí wọ́n yá wa láṣọ. Ó ní kí awakọ̀ gbéra. Gbogbo rẹ̀ kò gùn ju ìgbà tí èèyàn fi ń ká aṣọ ìbora méjì. Ó wá sọ fún mi pé ó ṣeun, ó sì pe ẹni tó kàn.

Awakọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ lẹ́yìn tí dókítà ti lọ.

Mo gòkè lọ bá Káfíńtà. Wọ́n ti fá a, ebi sì ti ń pa á láti àná. Ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù padà.

"Wọ́n ní kò sí aṣọ," ni ó wí.

"Kò sí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò wá lè ní ó ń bọ̀? Bóyá ì bá dé."

"Ì bá má dé."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò ní jẹ́ ẹni tó lé mi."

Ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ dá mi lóhùn ìkíni, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Mo sọ̀ kalẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ló máa rù ú lọ sọ́jà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Káfíńtà kò wá sí kíláàsì. Àga rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tíṣà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Mo ní, "Nobody," ó sì ní mo gbà á dáadáa. Inú mi kò dùn sí i.

Nọ́ọ̀sì mi wá sùn. Ó ní Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù pé bó bá ti di ọ̀rọ̀ aṣọ, ohun tí ìyá ìsàlẹ̀ yẹn bá wí ni kí wọ́n gbà. "Mo ní fún wọn pé ìyá ìyá mi ni," ni ó wí, ó sì ń wo ìṣasùn bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

Mo ní kó jẹun, ó ti rù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Oòrùn. Irin kékeré náà dé pẹ̀lú, lọ́jọ́ tí a kò tún fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ ń kọrin. Mo jíṣẹ́ mi. Ní ìparí, Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní òun ó máa gbọ́ tèmi lẹ́nu èmi fúnra mi, pé n kò nílò ẹnikẹ́ni. "Nobody" ni ọ̀rọ̀ tó lò, ó sì dùn létí mi bí ó ṣe wí i.

Mo fẹ́ sọ fún Káfíńtà. Mo rántí pé kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ̀ wọ́n fúnra mi láàárọ̀ kùtùkùtù, aṣọ aláwọ̀ ewé lódindi, igun sí igun. Mo wá gbé aṣọ ibùsùn Káfíńtà gòkè lọ́wọ́ ara mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé e wà.

Ó jókòó sétí ibùsùn, ó wọ aṣọ tó ṣí lẹ́yìn tí wọ́n máa ń wọ̀ fún wọn. Mo kí i. Ó dáhùn díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan aṣọ tí mo gbé, lókè, láàárín, lábẹ́, bí ó ṣe máa ń kan pákó kó tó fi ayùn sí i.

"Ó gbẹ," ni ó wí.

"Ó gbẹ."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Báwo ló ṣe tutù tó?"

"Bí ẹ bá fún un, omi á jáde."

Ó tún fọwọ́ kan aṣọ náà. "Èmi kì í fi pákó tutù kan ilẹ̀kùn. Lójú oníbàárà, ó dára. Bó bá gbẹ tán lójú ilé, á ya."

"Kí lẹ wá máa ń sọ fún oníbàárà tó ń dúró?"

Ó wò mí. Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu kó tó mọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi tó ń dùn ún mú. "Mo máa ń ní ó ń bọ̀. Ìyá Aláṣọ, ẹ jẹ́ kí n rọra."

Wọ́n gbé e wọlé ṣáájú ọ̀sán. Wọ́n gbé e jáde. Ó pẹ́ kó tó jí.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró tì í díẹ̀ kí n tó lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bu omi. Nọ́ọ̀sì mi wọlé tòun ti ìwé rẹ̀, ó ń bi wọ́n láti ibùsùn dé ibùsùn bóyá ó ń dùn wọ́n. Àgbà ni gbogbo wọn nínú yàrá náà. "A dúpẹ́," ni ti àkọ́kọ́. "A dúpẹ́, ọmọ mi," ni ti èkejì, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì mi kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀. Kí ni yóò tún ṣe?

Ó dé ọ̀dọ̀ Káfíńtà. Ó mọ̀ pé kíláàsì kan náà la wà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, ó ń ṣeré: ṣé kò sí ìrora.

Mo rí "a dúpẹ́" tó ń gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó yíjú sí mi. Òógùn bò ó níwájú orí. Ó fi ahọ́n tọ́ ètè, ó sì dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìrora wà, ó pọ̀. "No sleep," ni ó fi kún un. "Nothing is good." Ó mí. Ó wá padà sí èdè wa: "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an."

Nọ́ọ̀sì mi kò ṣeré mọ́. Ó kọ ọ́, ó yára jáde, ó sì mú abẹ́rẹ́ wá.

Ẹni tó wà ní ibùsùn kejì ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún Káfíńtà lábẹ́rẹ́ tán, ó fi ìka pe Nọ́ọ̀sì mi padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní òun náà ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ.